Agogo ti wọ inú kọ̀ǹpútà, dùndún ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fi Olúbàdàn jẹ lórí òkè Mápó, bó ṣe wáyé lóṣù Keje ọdún 2024, ẹni tó bá dúró ní Ọjà'ba kò nílò ògbufọ̀ kó tó mọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀. Ìyá ìlù yóò ki ọba, yóò ki ìjòyè, kò sì ní í gbàgbé láti tọrọ owó lọ́wọ́ alágbádá tó bá ń kọjá lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ olórin kan ládùúgbò Oríta-mẹ́rin bá tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, tó sì fẹ́ fi irú ìlù bẹ́ẹ̀ sínú orin tó ń ṣe lọ́wọ́, kóńgà àti bọ́ńgò ni yóò bá níbẹ̀. Yóò bá taiko, ìlù àwọn ará Japan. Kò ní í bá dùndún.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti ṣàlàyé. Lọ́dún 1991, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò orin oníná fẹnu kò lórí ìlànà kan tí wọ́n pè ní General MIDI, kí orin tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ kan ṣe lè dún bákan náà lórí ẹ̀rọ mìíràn. Wọ́n to ohun èlò orin 128 lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì ya ìró 47 sọ́tọ̀ fún ìlù àti àwọn ohun mìíràn tí wọ́n ń lù tàbí tí wọ́n ń mì. Eyín kíbọ́ọ̀dù tó jẹ́ nọ́ńbà 67 àti 68 ni wọ́n fún agogo, orúkọ Yorùbá náà gan-an ni wọ́n sì kọ sí i. Ọ̀nà Bràsíìlì ló gbà dé ibẹ̀: àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e débẹ̀, tó fi di ara orin samba. Ti dùndún kò sí nínú ìwé náà rárá.

Ó ṣe tán, èèyàn lè fi ìró tirẹ̀ kún un. Pátákó kékeré tó ń gbé ohùn jáde nínú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè ní sound card. Ilé-iṣẹ́ E-mu ní Kalifóníà, èyí tí ilé-iṣẹ́ Creative ti Singapore rà lọ́dún 1993, ló hùmọ̀ fáìlì tí wọ́n ń pè ní SoundFont. Ìró gidi tí wọ́n gbà sílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìlànà bí káàdì yóò ṣe lò ó. Káàdì Sound Blaster AWE32 tó jáde lọ́dún 1994 ní àyè 512 kilobáìtì fún un. Bí ohùn bá dára tó ti CD, ìṣẹ́jú àáyá kan ń jẹ báìtì 88,200, nítorí náà àyè yẹn kò gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 6. Sound Blaster Live! ti ọdún 1998 ló bẹ̀rẹ̀ sí í yá àyè lò lára mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Lónìí, kò tún pọn dandan kéèyàn ní káàdì kan pàtó: ètò FluidSynth ń ka irú fáìlì náà, Polyphone sì wà fún àtúnṣe rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Gúdúgúdú ló rọrùn jù láti kó wọlé, torí wọn kì í fún un bíi gángan. Ìda tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín awọ rẹ̀ ló ń jẹ́ kí àárín àti ẹ̀gbẹ́ dún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá gba ìró méjèèjì, ní lílù jẹ́jẹ́ àti lílù líle, ti ní gúdúgúdú. Yóò fún ìró àárín ní eyín kan, yóò fún ti ẹ̀gbẹ́ ní òmíràn, yóò sì ní kí líle máa dún nígbà tí ọwọ́ bá tẹ eyín gidigidi. Kó má fi wọ́n sí báńkì òdo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn yóò gba ipò dùùrù.

Ọ̀dọ̀ ìyá ìlù ni iṣẹ́ wà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí èèyàn gba ìró kan ṣoṣo, kó sì nà án kálẹ̀ sórí gbogbo eyín. Láti gbé ohùn sókè, ńṣe ni káàdì ń sáré ka ìró náà: ní eyín kejìlá sókè, ìyára rẹ̀ á di ìlọ́po méjì, àkókò rẹ̀ á di ìdajì, ohùn àgbà á sì di ti ọmọ eku. Ìró ìsàlẹ̀, ti àárín, ti òkè àti àwọn tó wà láàárín wọn ló yẹ kí onílù lù sílẹ̀, kí eyín díẹ̀ péré sì máa pín ọ̀kọ̀ọ̀kan lò.

Síbẹ̀, ìyẹn kò tó. Onílù a máa fún ọṣán nígbà tí awọ ṣì ń dún, kí ohùn lè yọ́ gòkè tàbí kó yọ́ wálẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lápá òsì kíbọ́ọ̀dù ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n eyín méjì péré sókè, méjì sísàlẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń fún un. Kò tó dùndún rárá. Àfi kí wọ́n fẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tó bá wà lójú ọ̀nà kan náà ni kẹ̀kẹ́ yìí sì ń fà, nítorí náà ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kí ìyá ìlù wà. Ẹni tó bá gé ìdí ìró kúrú torí àyè ti ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí inú ìdí yẹn gan-an ni ohùn ti ń yọ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá sì yí kọjá ibi tó yẹ, igba lè di igbá, oríkì ìdílé kan sì lè di èébú.

Ṣaworo náà ní wàhálà tirẹ̀. Bó bá wọ inú ìró ìlù, á máa bá ìlù gòkè sọ̀kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ irin kì í yí ohùn padà torí pé wọ́n fún ọṣán. Ó sàn kí wọ́n gbà á sílẹ̀ lọ́tọ̀, bí onílù bá gbà láti tú u kúrò lára ìlù rẹ̀, torí àwọn kan kò ní í gbà.

Ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀pọ̀ olórin kì í fẹ́ dá sílẹ̀. Ìró tó bá ti wọ fáìlì lè lọ káyé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún ránṣẹ́ pe ọmọ Àyàn tó lù ú. Kí wọ́n tó tan maikirofóònù ló yẹ kí wọ́n ti sọ ohun tí wọn yóò san, àti bóyá àwọn ẹlòmíràn lè lo ìró náà. Fáìlì SoundFont tilẹ̀ ní àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún orúkọ ẹni tó ṣe é, fún ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ àti fún àlàyé. Ọ̀pọ̀ fáìlì ló ń fi àyè yìí sílẹ̀ lófìfo. Orúkọ onílù, agboolé rẹ̀ àti irú ìlù tó lù lè wọ ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.