Bí Òwò Ṣe Lè Hàn Lórí Ẹ̀rọ Ìṣàwárí: Àpẹẹrẹ Láti Sùúrùlérè ní Èkó

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Nínú ìmọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn, bí a bá dárúkọ ìpolówó ọjà, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ohùn ẹni tó ń kiri oúnjẹ, ewébẹ̀ tàbí èso ní àdúgbò. Yóò dárúkọ ọjà rẹ̀, yóò sọ bí ó ṣe gbóná tàbí bí ó ṣe dùn tó, yóò sì jẹ́ kí ẹni tó wà nínú ilé mọ̀ pé òun ti dé ojúlé wọn. Irú ìpolówó mìíràn ti wà báyìí tí kò ní ohùn rárá. Nínú tirẹ̀, ẹni tó ń wá ọjà ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Yóò tẹ ohun tó ń fẹ́ sórí fóònù rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì to orúkọ àwọn tó ń tà á sílẹ̀ ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, àfàìmọ̀ ni kí oníbàárà má ti ra ọjà tán kó tó kàn án.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni bí ẹ̀rọ ìṣàwárí, irú bíi Google àti Bing, ṣe ń to orúkọ wọ̀nyí, àti ohun tí aránṣọ, aláṣọ òkè, oníṣẹ́ fọ́tò tàbí ẹni tó ń se oúnjẹ ayẹyẹ tó ní ojú òpó lórí ayélujára lè ṣe kí tirẹ̀ lè hàn. Sùúrùlérè ní Èkó ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìtàn ibẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára ọ̀rọ̀ oníṣòwò tí oníbàárà rẹ̀ kò rí mọ́.

Òwò tí oníbàárà kò rí mọ́

Láti ọdún 1955 ni àjọ tí ìjọba gbé iṣẹ́ àtúnṣe ìlú Èkó lé lọ́wọ́, Lagos Executive Development Board, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, tí wọ́n sì ń kó lára àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Peter Marris, tó ṣe ìwádìí láàrin àwọn ènìyàn náà, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1961, fi hàn pé owó tó ń wọlé fún ọ̀pọ̀ oníṣòwò nínú wọn já wálẹ̀. Ọjà wọn kò bàjẹ́, ọwọ́ wọn kò sì rọ. Àwọn oníbàárà tó mọ ojú ilé wọn ní Erékùṣù ni kò tẹ̀lé wọn kọjá odò. Ojú ilé lásán ni wọ́n mọ̀, nígbà tí ojú ilé sì yí padà, ìbánidòwò já.

Irú ewu bẹ́ẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, iná jó ọjà Tẹ̀júoṣó ní Yábà, tí kò jìnnà sí Sùúrùlérè. Ọdún 2014 ni wọ́n tó ṣí ọjà tuntun tí wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ọdún bíi méje ni ó wà láàrin iná àti ìṣílé. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, aláṣọ tó bá lọ gba ṣọ́ọ̀bù sí àdúgbò mìíràn nílò ọ̀nà tí oníbàárà rẹ̀ fi lè béèrè rẹ̀ láìmọ ojúlé rẹ̀ tuntun. Ẹ̀rọ ìṣàwárí jẹ́ ọ̀kan nínú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lónìí.

Bí ẹ̀rọ ìṣàwárí ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọdún 1998 ni Larry Page àti Sergey Brin, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, dá ilé-iṣẹ́ Google sílẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìṣàwárí mìíràn, bíi AltaVista, ti wà ṣáájú wọn. Iṣẹ́ mẹ́ta ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ó ní ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń rìn kiri láti ojú ewé kan dé òmíràn, tó ń gba orí ìjápọ̀ kọjá bí ẹni ń gba orí afárá. Ohun tó bá kà, yóò kó o sínú atọ́ka kan tó jọ èyí tí a máa ń rí lẹ́yìn ìwé ńlá, níbi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń sọ ojú ewé tó wà. Nígbà tí ènìyàn bá wá béèrè nǹkan, inú atọ́ka yìí ni ẹ̀rọ náà yóò wò, yóò sì pinnu ojú ewé tí yóò ṣáájú àti èyí tí yóò tẹ̀lé e.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé gbogbo ayé ni ẹ̀rọ náà ń tú ní ìṣẹ́jú tí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ewé tí kò bá sí nínú atọ́ka kò lè jáde, bó ti wù kó dára tó. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí oníṣòwò béèrè ni pé ǹjẹ́ ẹ̀rọ mọ̀ pé òun wà? Yóò tẹ «site:» sínú Google, yóò lẹ àdírẹ́sì ojú òpó rẹ̀ mọ́ ọn láìfi àlàfo sílẹ̀. Bí ohunkóhun kò bá jáde, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó bá a ṣe ojú òpó náà ti fi àmì kan sínú rẹ̀ tó ń lé ẹ̀rọ padà nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, kí ó sì gbàgbé láti yọ ọ́. Èyí dà bí ìgbà tí a ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun tí a sì gbàgbé àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà. Ohun èlò tí Google ń pè ní Search Console, tí a kì í san owó lé lórí, yóò sọ fún un bí ọ̀ràn bá rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti ètò ta ni yóò ṣáájú, ohun tí Page àti Brin mú wá ni pé wọ́n ka ìjápọ̀ sí ẹ̀rí. Ẹni tó tọ́ka sí ojú ewé rẹ ti jẹ́rìí sí ọ, ẹ̀rí ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jẹ́rìí sí sì wúwo ju ti ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìjápọ̀ kò dá ìdájọ́ yìí ṣe mọ́ lónìí. Ọ̀rọ̀ inú ojú ewé, ibi tí oníbàárà wà àti bí ojú ewé ṣe ń yára ṣí náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn tó tọ́ka sí aláṣọ òkè kan ṣì níye lórí ju ọgọ́rùn-ún ìjápọ̀ tí a fi owó rà lọ.

Orúkọ ibi

Sùúrùlérè kan kọ́ ló wà. Ìjọba Ìbílẹ̀ Sùúrùlérè wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Ìrẹsà-Adú. Oníṣòwò tó kọ «Sùúrùlérè» nìkan sí ojú òpó rẹ̀ láìfi Èkó kún un ń fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láti máa méfò. Bákan náà ni orúkọ Adéníran Ògúnsànyà. Òpópónà ńlá ni ní Sùúrùlérè, ilé ìtajà wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń fi orúkọ òpópónà náà pè, ó sì tún jẹ́ orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ tó wà ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sọ di ara Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà ní ọdún 2022. Nọ́ńbà ilé, òpópónà, àdúgbò, ìlú: gbogbo rẹ̀ ni kí a kọ tán.

Ẹnu wa ní Èkó kì í sábà sọ nọ́ńbà ilé. Ẹ̀yìn ilé epo, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kí o tó dé Ojúẹlẹ́gbà, ọ̀kánkán pápá ìṣeré ńlá: bí a ṣe ń júwe nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń wá nǹkan. Kò sí ohun tó burú nínú kí a kọ irú ìjúwe yìí sí ojú ewé lẹ́yìn àdírẹ́sì. Ó wúlò ju ìyìn ara ẹni tó máa ń kún ibẹ̀ lọ.

Yàtọ̀ sí ojú òpó, Google ní àyè ọ̀fẹ́ tí oníṣòwò lè fi orúkọ sílẹ̀ sí kí ó lè hàn lórí àwòrán ilẹ̀. Ọdún 2014 ni wọ́n pè é ní Google My Business. Láti ọdún 2021 ni wọ́n ti ń pè é ní Google Business Profile. Ní ọdún 2017, Google gbé àwòrán àwọn òpópónà Èkó jáde, tó fi jẹ́ pé ènìyàn lè wo iwájú ilé kan kó tó kúrò nílé tirẹ̀. Ní temi o, bí owó bá há aránṣọ kékeré lọ́wọ́, ibí yìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó ronú ojú òpó olówó ńlá. Kí orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù tó fi síbẹ̀ bá èyí tó wà níbòmíràn mu délẹ̀délẹ̀, kó sì máa dá àwọn oníbàárà tó bá kọ èrò wọn síbẹ̀ lóhùn, pàápàá àwọn tó bínú.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà àti ọ̀rọ̀ oníbàárà

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa jù. Orúkọ tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni ó wà lára pátákó ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ku oṣù kan kì í tẹ orúkọ yẹn sórí fóònù. Aṣọ òkè ni yóò tẹ̀, tàbí gèlè, tàbí ìró àti bùbá, yóò sì fi àdúgbò rẹ̀ tì í. Àkọlé ojú ewé, tí ẹ̀rọ máa ń gbé jáde ní lẹ́tà gàdàgbà, gbọ́dọ̀ sọ ohun tí a ń tà àti ibi tí a ti ń tà á. Àkọlé tí kò sọ ju «ẹ káàbọ̀» lọ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Akiri-ọjà àtijọ́ mọ èyí: ó ń dárúkọ ọjà kó tó dárúkọ ara rẹ̀.

Ìṣòro wà nínú àkọtọ́. Oníbàárà kì í sábà fi àmì ohùn sí ohun tó ń tẹ̀, kì í sì í fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà. «Aso oke» ni yóò kọ, ẹlòmíràn yóò kọ «asho oke», òmíràn yóò lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ̀rọ ìṣàwárí sábà máa ń mọ̀ pé «àdìrẹ» àti «adire» lè jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n a kò lè fi gbogbo ara lé e. Àwọn kan ti tìtorí èyí sọ pé kí a má fi àmì sí Yorùbá orí ayélujára mọ́. N kò fara mọ́ ọn. Kí a kọ ọ́ ní àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 nínú ara ọ̀rọ̀, kí a sì lo èyí tí kò ní àmì nínú àdírẹ́sì ojú ewé àti lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì níbi tó bá ti yẹ. Ọ̀nà méjèèjì yóò ṣí sílẹ̀.

Ohun kan tún fara sin. Nínú ètò Unicode, tí kọ̀ǹpútà fi ń da lẹ́tà mọ̀, «ẹ» ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n «ẹ́» kò ní; «ẹ» àti àmì òkè ni a ó so pọ̀. Ẹlòmíràn lè kọ «é» kó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Méjèèjì rí bákan náà lójú wa, Unicode sì gbà pé ọ̀kan ni wọ́n, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ètò kọ̀ǹpútà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sí abẹ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó. Lójú Unicode, àmì ọ̀tọ̀ gbáà nìyẹn, kò sì sí ètò tó sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn tó sì fi fọ́ńtì àtijọ́ tẹ̀wé, níbi tí àmì mìíràn ti ń ṣojú fún lẹ́tà Yorùbá, kò kọ Yorùbá rárá lójú ẹ̀rọ. Bákan náà ni ti ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú àwòrán: iye owó tó wà lára fọ́tò pátákó kò ṣeé gbọ́kàn lé pé ẹ̀rọ yóò rí i kà.

Ẹ̀tàn

Àwọn kan máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà nígbà ọgọ́rùn-ún ní lẹ́tà funfun lórí ojú ewé funfun, kí ènìyàn má rí i, kí ẹ̀rọ sì rí i. Ẹni tó bá ṣe é lónìí yóò jìyà rẹ̀. Ní ọdún 2006, Google yọ ojú òpó BMW ti Jámánì kúrò nínú atọ́ka rẹ̀ nítorí pé ohun tí ó ń fi han ẹ̀rọ yàtọ̀ sí èyí tí ènìyàn ń rí. Ní ọdún 2011, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí ìjápọ̀ àrà ọ̀tọ̀ tó ń ti ilé ìtajà J. C. Penney ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn, Google sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ lè dìde padà. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Àgùdà tó fi owó rẹ̀ fún ẹni tó ṣèlérí ipò kìíní láàrin ọ̀sẹ̀ kan lè má rí owó mìíràn tún un ṣe. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún ipò kìíní.

Fóònù àti ohun tó ń bọ̀

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2015 ni Google ti ń gbé ojú ewé tó bá fóònù mu lárugẹ nínú ìṣàwárí orí fóònù. Àwòrán aṣọ tó wúwo jù ń jẹ dátà oníbàárà, òun náà yóò sì kúrò níbẹ̀ kí aṣọ tó hàn. Kí a dín ìwọ̀n àwòrán kù kí a tó gbé e sókè. Láti ọdún 2024 ni Google sì ti ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá kọ ìdáhùn ṣókí sókè kó tó to ojú ewé sílẹ̀. Ojú ewé tó sọ iye owó, ọjọ́ tí iṣẹ́ ń gbà àti ibi tí a wà láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ ni irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lè rí nǹkan mú nínú rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè rí iṣẹ́ ṣe níbí, nítorí àwọn ló mọ bí a ṣe ń kọ àmì sórí ọ̀rọ̀ àti bí ọ̀rọ̀ kan náà ṣe ń yàtọ̀ lẹ́nu ará Èkó àti ará Ìbàdàn. Oníṣòwò tí kò bá lè gba irú wọn síṣẹ́ lè fi ìwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí owó rẹ̀ fún oṣù kan, kó máa bi oníbàárà tuntun kọ̀ọ̀kan léèrè ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ sórí fóònù kó tó rí òun, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí onítọ̀hún ṣe pè é. Inú ìwé yẹn ni yóò ti mú àkọlé ojú ewé rẹ̀.