Eegun Díẹ̀, Àríyànjiyàn Púpọ̀: Dinosaur Kékeré Inú Aginjù Niger

Ẹ mú eegun kan ṣoṣo lọ bá alápatà ní Ketu tàbí Mile 12. Kò ní béèrè orí ẹran náà lọ́wọ́ yín kó tó sọ pé, "Ti ewúrẹ́ nìyí." Ìdí ni pé ó ti kun odindi ẹran tí kò lóǹkà. Irú iṣẹ́ yìí làwọn tó ń ṣèwádìí dinosaur ń ṣe, àmọ́ kò sẹ́ni tó rí odindi ẹran tiwọn láàyè rí.

Àpẹẹrẹ kan wà ní Niger, aládùúgbò wa lókè ọ̀hún. Ní Gadoufaoua, nínú aginjù Ténéré, wọ́n rí eegun dinosaur kékeré kan tó gbé ayé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 110 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí odò ṣì ń ṣàn níbẹ̀. Eegun ìrù mélòó kan àti apá kan lára ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kù. Kò sí orí, kò sí eyín.

Lọ́dún 2017, Paul Sereno ti Yunifásítì Chicago sọ ọ́ ní Afromimus tenerensis. Ó ní ó wà lára àwọn dinosaur tó rí bí ògòǹgò: ọrùn wọn gùn, wọ́n lè sáré, ọ̀pọ̀ wọn kò sì léyín lẹ́nu. Àmọ́ lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ kan láti Argentina ní rárá o, ẹbí abelisauroid ni, ìyẹn àwọn ajẹran tí wọ́n ti rí ní Argentina, Madagascar àti Íńdíà.

Báwo lẹsẹ̀ kan ṣe lè dá irú èyí sílẹ̀? Ẹran tó bá ń sáré dáadáa, ẹsẹ̀ ẹ̀ sábà máa ń gùn, á sì tín-ín-rín. Ẹ wo ẹṣin àti àgbọ̀nrín: wọn kì í ṣọmọ ìyá kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá orúkọ lásán. Tó bá jẹ́ ẹbí àkọ́kọ́, a jẹ́ pé àwọn dinosaur tá a mọ̀ jù ní Éṣíà àti Àríwá Amẹ́ríkà dé Niger. Tó bá jẹ́ ẹbí kejì, ó bá a mu pé Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà lẹ̀ mọ́ra tẹ́lẹ̀, kí òkun Àtìláńtíìkì tó là wọ́n sọ́tọ̀.

Orí kan tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan péré lè parí ìjà náà. Kó tó dìgbà yẹn, tẹ́ ẹ bá rí àwòrán Afromimus tó ya ẹnu sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ rántí pé ẹni tó yà á ló fi orí sí i o.