Owó orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá ṣàkọsílẹ̀ iṣẹ́ iná: Ohun tó yẹ kí aráàlú mọ̀ kó tó gbé fóònù rẹ̀ jáde

Ìròyìn kò tó àfojúbà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń wí. Orí òwe yìí gan-an ni irú iṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń lọ àwọn tó ń wá owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì dúró lé. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ènìyàn lọ síbi tí iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná, epo rọ̀bì tàbí agbára oòrùn wà, yálà iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni o, tàbí wọ́n ti pa á tì. Kí ó ya àwòrán rẹ̀, kí ó kọ ibi tó wà àti ipò tí ó bá a sílẹ̀, kí ó sì fi í ránṣẹ́. Bí àwọn tó gbé ètò náà kalẹ̀ bá gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ wọlé, wọn kì í san náírà tàbí dọ́là fún un. Token ni wọ́n máa ń fún un, èyí tí í ṣe owó tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, tó jẹ́ pé inú ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní blockchain ló ń gbé.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì ní ibi tó ti wúlò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ lè ṣe wàhálà ọdún kan gbáko, kí ó má rí owó oúnjẹ ọjọ́ kan níbẹ̀.

Ìwé tí gbogbo ẹgbẹ́ ní lọ́wọ́

Blockchain kò le láti yé ẹni tó bá ti dá àjọ rí. Bí ẹgbẹ́ alájọ kan bá ní ogún ọmọ ẹgbẹ́, tó sì jẹ́ akọ̀wé kan ṣoṣo ló ń mú ìwé lọ́wọ́, akọ̀wé náà lè pa nǹkan rẹ́ lóru. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ogún náà bá ní ìwé tirẹ̀, tí gbogbo wọn sì jọ ń kọ ohun kan náà sílẹ̀, ẹni tó bá yí tirẹ̀ padà yóò tẹ́, nítorí pé ìwé àwọn mọ́kàndínlógún tó kù yóò ta kò ó. Báyìí ni blockchain ṣe rí. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló ní ẹ̀dà ìwé kan náà lọ́wọ́. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tó so ó mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀, débi pé bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ohun tí wọ́n kọ láná, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e kò ní bára mu mọ́.

Àmọ́ ohun kan wà tí ìwé náà kò lè ṣe, òun sì ni kókó ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé náà kò ní ojú. Ó lè pa ohun tí wọ́n sọ fún un mọ́ fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Bí ènìyàn bá ya àwòrán dáàmù tó wà ní ìlú kan, tó wá sọ pé ìlú mìíràn ló wà, irọ́ náà ni yóò wà nínú ìwé láìṣeé parẹ́. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀, àti ẹni tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà á wọlé, àwọn ló ń sọ àkọsílẹ̀ náà di ohun tí ènìyàn lè gbára lé.

Ẹ̀kọ́ tó wà lára SolarCoin

Lára àwọn ètò tó kọ́kọ́ gbìyànjú láti máa fi owó orí íntánẹ́ẹ̀tì san ẹ̀san fún àkọsílẹ̀ nípa iná ni SolarCoin, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014. Àdéhùn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ẹni tó bá ní pánẹ́ẹ̀lì sólà, tó sì lè fi ẹ̀rí hàn pé ó ti pèsè iná tó tó yúníìtì 1,000 lójú mítà, yóò gba SolarCoin ẹyọ 1. Yúníìtì tí à ń wí yìí kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ènìyàn ń rà sínú mítà ilé wọn ní Nàìjíríà. Ẹni náà yóò kọ́kọ́ fi hàn pé pánẹ́ẹ̀lì náà wà lóòótọ́, yóò sọ ibi tó wà àti bí agbára rẹ̀ ṣe tó, lẹ́yìn náà ni yóò máa fi iye tí mítà kà ránṣẹ́.

Ìṣirò kékeré yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yéni. Bí pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé kan bá ń pèsè yúníìtì 4 lójúmọ́, ọjọ́ 250 ni yóò gbà kí ó tó pé 1,000. Èyí já sí pé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò wọlé fún onílé, bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni iye tí ẹyọ náà ń tà lọ́jà kò fi tó dọ́là 1. Èyí kò sọ ètò náà di ẹ̀tàn. Mítà lè sọ iye iná tó jáde, àmọ́ kò lè sọ iye tí token yóò tà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á ló ń dá iye lé e, bí kò bá sì sí ẹni tó fẹ́ rà á, òfo ni.

Nígbà tí ìwé kò bá bá ilẹ̀ mu

Orílẹ̀-èdè Venezuela fi ojú mìíràn han ayé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Ààrẹ Nicolás Maduro kéde pé ìjọba òun yóò gbé owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan jáde, tí wọ́n ń pè ní Petro. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2018, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ìjọba ní epo rọ̀bì tó tó àgbá bílíọ̀nù 5, tó wà nínú ilẹ̀ ní agbègbè Atapirire, ló dúró fún owó náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, àwọn akọ̀ròyìn ilé iṣẹ́ Reuters wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, wọn kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí àmì pé ẹnikẹ́ni ń wa epo níbẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a: ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Petro kógbá sílé. Ohun tí gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ìwé náà kò rí, ẹsẹ̀ àwọn akọ̀ròyìn díẹ̀ ló rí i.

Dáàmù Ọ̀yán àti àwọn ẹ̀rọ tó ń sùn

Nílẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ kò wọ́n. Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí dáàmù Ọ̀yán, tó wà nítòsí Abẹ́òkúta, ní oṣù Kẹta ọdún 1983. Omi tí ó lè gbà tó mílíọ̀nù 270 mítà oníhà mẹ́ta. Lọ́dún náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ mẹ́ta tí omi yóò máa yí síbẹ̀, èyí tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ megawatt 3, kí wọ́n lè máa mú iná megawatt 9 jáde. Títí di ọdún 2007, ìyẹn odindi ọdún 24 lẹ́yìn náà, wọn kò tíì lo àwọn ẹ̀rọ náà. Bí ó bá jẹ́ pé lọ́dọọdún ni ará àdúgbò kan ń ya àwòrán wọn, tó ń kọ ọjọ́ sí i, ìjọba tó bá dé kò ní rí ibi sá sí pé òun kò mọ̀.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń lọ láìsí token kankan. Láti ọdún 2014 ni àjọ BudgIT ti gbé ètò Tracka kalẹ̀, níbi tí aráàlú ti ń fi àwòrán iṣẹ́ tó wà nínú ìwé ìṣúná ìjọba hàn, yálà wọ́n ṣe é tàbí wọn kò ṣe é. Wọn kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán síbi àwòrán. Wọ́n ń gbé e lọ síwájú àwọn aṣòfin àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ìbéèrè tó ṣe kókó

Ẹni tí wọ́n bá fi irú iṣẹ́ yìí lọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ibi tí owó ti ń wá. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tó nílò àkọsílẹ̀ náà ló ń ra token, ọ̀rọ̀ ní ìpìlẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n fi ń san fún àwọn tó ti wà níbẹ̀, kí ó tètè bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́ kì í gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò tíì gbàgbé oṣù Kẹrin ọdún 2025, nígbà tí àwọn tó fi owó sí CBEX kò rí owó wọn gbà mọ́, tí àjọ SEC tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò sì sọ pé ètò náà kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Òfin tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí lọ́dún kan náà ti fi irú owó yìí sábẹ́ àṣẹ SEC, nítorí náà, ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ kí ènìyàn ti kọ́kọ́ wádìí.

Ìbéèrè kejì ni ti ẹni tó ń yẹ àkọsílẹ̀ wò. Bí kò bá sí ẹni tó ń ṣe é, àwọn òpùrọ́ ni yóò kó token náà lọ. Ìkẹta ni ti ààbò. Ibùdó iná kì í ṣe ibi tí ènìyàn kàn ń wọ̀ láìgbàṣẹ, wáyà tó dà bíi pé ó ti kú lè ní iná lára. Ní Rimi ní ìpínlẹ̀ Katsina, níbi tí wọ́n ti ń ri ẹ̀rọ 37 tí atẹ́gùn yóò máa yí mọ́lẹ̀ láti pèsè iná megawatt 10, àwọn ajínigbé jí onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan gbé ní oṣù Kejìlá ọdún 2012. Kò sí token tó tó ẹ̀mí ènìyàn.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni ibi tí àkọsílẹ̀ náà ń lọ. Token lè wọ́n lónìí, kí ó má sì rí olùrà lọ́la. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ òtítọ́ nípa ẹ̀rọ tó ti ń sùn láti ọdún pípẹ́, bí ó bá dé ọwọ́ ẹni tó lè jí ẹ̀rọ náà, ìlú tó wà nínú òkùnkùn ni yóò jẹ èrè rẹ̀.