Káún kì í ṣe potash
Orúkọ kan ń kọ mí lóminú: potash, tí à ń pe káún lédè Gẹ̀ẹ́sì. Pot ni ìkòkò, ash ni eérú. Potash gidi wà nínú eérú èèpo kókó táwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Inú irú rẹ̀ ni Humphry Davy ti fi iná mànàmáná yọ pọ̀tásíọ̀mù lọ́dún 1807. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ló yọ sódíọ̀mù. Irin ni méjèèjì o, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ń gé wọn, wọ́n sì ń hó yaya bí wọ́n bá kan omi. Káún ní tiẹ̀, sódíọ̀mù ló kún inú rẹ̀, bíi ti iyọ̀ ọbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí dókítà ní kẹ́ ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ ka káún inú ewédú mọ́ ọn.