Ìkòkò Òdòdó Láti Ara Kókó Ìrókò

Ẹni tó bá wá ra pákó ní Bódìjà, n'Íbàdàn, kì í wo kókó ara ìrókò lẹ́ẹ̀mejì, torí kò ṣeé là gbọọrọ. Èmi ní tèmi, òun ni mo ń wá. Èèpo rẹ̀ ni mo máa ń fi sílẹ̀ kó di ẹnu ìkòkò òdòdó tí mo ń fi ẹ̀rọ tó ń yí igi fá.

Ìrókò ń tanni. Ohun funfun kan lè dì sínú rẹ̀ bí òkúta. Tí irin tí mo fi ń fá igi bá kàn án, ẹnu irin kú nìyẹn. Eruku ìrókò ń da ihò imú láàmú, ó sì ń mú ara yúnni. Ẹ má fá a láìbo imú àti ojú.

Jẹ́jẹ́ ni mo ń kọ́kọ́ yí ẹ̀rọ, torí igi tí kò rí róbótó máa ń gbọ̀n. Mo ń kán glúù tó ṣàn bí omi sí ìdí èèpo, kó má baà fò dànù. Mo ń fá ẹnu tán pátápátá kí n tó wọ inú lọ, torí igi tó bá ti fẹ́lẹ́ máa ń lọ́. Ẹnu ọ̀hún ga níhìn-ín, ó rẹlẹ̀ lọ́hùn-ún. Bó bá ń yí, ojú lè má rí i, ìka ni yóò jìyà rẹ̀. Nítorí náà, mo ń pa ẹ̀rọ kí n tó fi sánpépà kan ẹnu náà.

Bó bá parí, ẹ má bu omi sí i o. Òdòdó gbígbẹ ni kẹ́ ẹ kó sínú rẹ̀.