Agbára, Òfin àti Ìrètí Nínú Eré Bọ́ọ̀lù Ilé-Ẹ̀kọ́

Ẹni tí ó bá gba Old Garage ní Òṣogbo kọjá ní ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Ògún, tíí ṣe oṣù kẹjọ ọdún, kò ní ṣàì pàdé àwọn ọmọkùnrin kan tí ẹrẹ̀ bo ẹsẹ̀ wọn dé orúnkún, tí wọ́n so bàtà bọ́ọ̀lù wọn kọ́ ọrùn, tí wọ́n sì ń pariwo bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ni gbogbo títì. Àwọn awakọ̀ ń ké pe èrò, àwọn alákàrà ń fẹ́ iná, ariwo ọjà sì gba gbogbo àyíká ọgbà ìgbafẹ́ tí a fi orúkọ Nelson Mandela pè. Ṣùgbọ́n ohùn àwọn ọmọ náà yọ láàárín gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́nu wọn: bọ́ọ̀lù ọdún yìí.

Wọn kò tíì gbá bọ́ọ̀lù kan tí a lè kà sí ìdíje. Ọlidé ni a wà. Ó di ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé kí ìdíje láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá fi etí sí ọ̀rọ̀ wọn, a ó rò pé wọ́n ti gba ife náà tán, àti pé ohun tí ó kù kò ju kí a wá ibi tí a ó gbé e sí nínú yàrá ọ̀gá àgbà.

Ìrètí wọn kò ṣàdédé wá. Ní èṣí, góòlù kan ṣoṣo ni ó lé wọn kúrò nínú ìdíje, ó sì wọlé nígbà tí eré kù díẹ̀ kí ó parí. Nínú àwọn 11 tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà, àwọn 8 ṣì wà nílé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ti ga sí i, àyà wọn sì ti fẹ̀ sí i. Olùkọ́ tí ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa ojú ilẹ̀ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn pẹ̀lú, kò sì jẹ́ kí wọ́n sinmi láti ìgbà tí a ti gba ọlidé. Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni wọ́n ti máa ń sáré yí pápá ká; ní ìrọ̀lẹ́ wọn a tún padà wá fún bọ́ọ̀lù gbígbá.

Ohun tí ó mú kí gbogbo ènìyàn mọ ẹgbẹ́ yìí ni pé agbára ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọn kì í fi bọ́ọ̀lù ṣe àrà. Bí ẹni tí ó dojú kọ wọn bá gba bọ́ọ̀lù, kí ó tó gbé ojú sókè, ẹni méjì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn adílémú wọn a máa gbá bọ́ọ̀lù lọ sókè réré, àwọn tí ó wà níwájú a sì fò láti fi orí kàn án. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn a máa sọ pé ìjàkadì ni wọ́n ń jà, pé wọn kò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti rò bẹ́ẹ̀ rí, kí ó tó di pé mo lọ wo pápá tí wọ́n fi ń kọ́ eré náà.

Pápá náà dagun sí apá kan, koríko rẹ̀ kò sì dọ́gba. Nígbà òjò, omi a dárogún sí àárín rẹ̀. Ẹni tí ó bá yí bọ́ọ̀lù nílẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀ yóò rí i pé ọ̀nà ni yóò dúró sí, nínú ẹrẹ̀, ọ̀tá yóò sì ti gbé e lọ. Kí ni ọmọ tí ó gbọ́n yóò ṣe? Yóò gbá a gba ojú ọ̀run, níbi tí kò sí ẹrẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá sì ti gba òkè lọ, ẹni tí ó lè fò, tí èjìká rẹ̀ sì lágbára, ni yóò ní i. Nítorí náà, ilẹ̀ ni ó kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí bí wọ́n ti ń ṣeré, kì í ṣe ìwà ipá. Bí a bá gbé wọn lọ sí pápá tí ó tẹ́jú bí ẹní, bóyá ìṣe wọn yóò yí padà láàárín ọdún kan.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé òfin eré bọ́ọ̀lù kò ka lílo agbára léèwọ̀. Òfin kejìlá ni ó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Bí àwọn méjì bá ń lé bọ́ọ̀lù tí ó wà ní àrọ́wọ́tó wọn, ọ̀kan lè fi èjìká ti èjìká ẹnìkejì, bí apá rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara, tí kò sì ṣe é ní ìṣekúṣe. Ohun tí òfin kọ̀ ni kí a ta ẹlòmíràn nípàá, kí a fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ, kí a fò lù ú, kí a fi ọwọ́ tì í, tàbí kí a gbá a. Òfin náà tún pín ẹ̀ṣẹ̀ sí ìpele mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ ni àìkíyèsára: a ó fún ọ̀tá ní bọ́ọ̀lù gbá, ṣùgbọ́n a kò ní fi ìyà mìíràn kún un. Ti èkejì ni kí ènìyàn má bìkítà bóyá ẹnìkejì òun yóò fara pa: káàdì aláwọ̀ ìyeyè ni ẹ̀san rẹ̀. Ti ẹ̀kẹta ni kí agbára tí a lò kọjá ohun tí eré béèrè, tí ó fi lè ṣe ẹlòmíràn léṣe: káàdì pupa ni, ẹni náà yóò sì jáde kúrò lórí pápá. Bí irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ níwájú ilé ẹni tí ó ṣẹ̀, nínú àyè tí a fi ẹfun là, pẹ́náritì ni.

Àwọn káàdì wọ̀nyí kò ti ayébáyé wà. Ní ìdíje Ife Àgbáyé tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1966, adájọ́ eré kan tí ó jẹ́ ará Jámánì ní kí Antonio Rattín, balógun ẹgbẹ́ Ajẹntínà, jáde nígbà tí wọ́n ń bá Gẹ̀ẹ́sì gbá. Èkíní kò gbọ́ èdè èkejì. Rattín kò sì tètè jáde, eré dúró fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Ken Aston, ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣe àbójútó àwọn adájọ́ eré nígbà náà, ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí ni ó rí iná tí ń darí ọkọ̀ ní oríta, ó sì rò ó pé àwọ̀ kò nílò ògbufọ̀. Ní Mẹ́síkò, ní ọdún 1970, ni a kọ́kọ́ mú káàdì méjèèjì wọ Ife Àgbáyé. (Bí àwọn awakọ̀ Old Garage ti ń ṣe sí iná oríta jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.)

Àwọn baba wa pàápàá mọ ìṣòro tí ń bẹ nínú kí a fi ara gbá ara. Ní ọdún 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún ọdún náà, wọ́n na ẹgbẹ́ Marine ní Crosby, nítòsí Liverpool, ní góòlù 5 sí 2. Púpọ̀ nínú wọn ni kò wọ bàtà. Aṣọ ni wọ́n fi di ọrùn ẹsẹ̀ wọn. Ẹ wo ẹni tí kò wọ bàtà tí ó dojú kọ ẹni tí bàtà rẹ̀ ní ìṣó lábẹ́! Ìyára àti ọgbọ́n ni wọ́n gbára lé. Síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn, Teslim Balogun, tí a fi àrá sọ lórúkọ nítorí bí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù kíkankíkan, padà sí Ìlú Ọba ní ọdún 1955, ó sì di agbábọ́ọ̀lù Peterborough United, kí ó tó lọ sí Queens Park Rangers.

Àwọn kan ń bẹ tí wọ́n gbà pé bọ́ọ̀lù ń ba ẹ̀kọ́ ọmọ jẹ́. Kí wọ́n rántí St. Finbarr's College ní Àkọkà, ní Èkó, tí àlùfáà ará Ireland nì, Denis Slattery, dá sílẹ̀ ní ọdún 1956. Adájọ́ eré bọ́ọ̀lù ni àlùfáà náà fúnra rẹ̀, ó sì fi ìwé, bọ́ọ̀lù àti ìwà ọmọlúàbí ṣe òpó ilé-ẹ̀kọ́ náà. Níbẹ̀ ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti jáde.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò hàn lójú pápá, òun ni ó sì bá ẹgbẹ́ tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Olùkọ́ wọn pàṣẹ pé kí gbogbo wọn lọ sí ilé ìwòsàn kí a yẹ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ara àwọn le bí òkúta. Olùkọ́ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún wọn nípa Samuel Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Róòmù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Ògún ọdún 1989, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá ní Sùúrùlérè, ó ṣubú lulẹ̀ ní ìṣẹ́jú 77, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ó sì kú. Ọmọ ọdún 25 ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Bákan náà ni Marc-Vivien Foé ti Kamẹrúùnù ṣubú ní ìlú Lyon ní ọjọ́ 26 oṣù Òkúdù ọdún 2003. Ìṣù ẹran ọkàn tirẹ̀ ti nípọn jù. Ẹni tí ó ní irú àrùn yìí lè máa sáré, kí ó máa fò, kí ó sì máa borí ẹgbẹ́ rẹ̀, láìmọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe òun. Bí a bá sì ti ń fi agbára ṣeré tó ni iṣẹ́ ọkàn ń pọ̀ tó.

Wọ́n lọ. Gbogbo wọn ni a dá padà ní àlàáfíà, àfi ẹnì kan: ọmọ gíga tí ó wà ní àárín ẹ̀yìn, òpó tí gbogbo ìrètí ọdún yìí rọ̀ mọ́. Dókítà gbọ́ ohun kan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn láyà rẹ̀, ó sì ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò mìíràn ní ilé ìwòsàn ńlá, kí ó má sì sáré títí èsì yóò fi dé.

Ìyá ọmọ náà ń din àkàrà ní Old Garage. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni ó lọ bá a. Mo wà nítòsí, mo ń ra àkàrà.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o," ni olùkọ́ wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ má bínú pé n kò jẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù."

Obìnrin náà gbé síbí rẹ̀ sílẹ̀. "Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ̀yin ni ẹ bá mi rí ohun tí n kò rí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún un. Láti àná ni kò ti jẹun."

Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá ní ìrọ̀lẹ́ àná, èsì kò tíì dé. Àwọn ọmọ ń padà bọ̀ láti pápá bí ìṣe wọn, ariwo wọn kò sì dín. Ọmọ gíga náà wà láàárín wọn, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó gbé àpò bọ́ọ̀lù lé èjìká. Ó ń bá ọmọ kékeré tí a fi sí ipò rẹ̀ wí pé ó ń tètè fò jù, kí ó máa dúró de bọ́ọ̀lù kí ó tó gbéra.