Òfin Tó Dáàbò Bo Ẹ̀sìn: Ẹ̀kọ́ Láti Hialeah



Láti ọdún 1791 ni Àtúnṣe Kìíní ti wà nínú òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó dáàbò bo ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ ẹnu, ìwé ìròyìn, ìpéjọpọ̀ ní àlàáfíà àti ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba.

Òfin yìí kan ìdílé wa. Ní ọdún 1987, ìjọ Lukumi, tó ń bọ òrìṣà bí àwọn baba wa ṣe gbé e dé Kúbà, fẹ́ ṣí ilé ìjọsìn sí ìlú Hialeah, ní Florida. Ernesto Pichardo ni aṣáájú wọn. Ìgbìmọ̀ ìlú bá ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹran rúbọ. Síbẹ̀, wọ́n fi alápatà, ọdẹ àti apẹja sílẹ̀. Ẹran olórìṣà nìkan ló di ẹ̀ṣẹ̀.

Ìjọ náà pe ìlú lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ méjì dá wọn lẹ́bi, wọn kò káàárẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Òkúdù 1993, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fẹnu kò pé àwọn òfin náà kò lè dúró, torí pé ẹ̀sìn ni wọ́n dójú sọ.

Ìdájọ́ yìí kò gbé olórìṣà ga ju òfin lọ. Òfin ìmọ́tótó tó kan tẹrú tọmọ kàn wá pẹ̀lú. Ohun tí kò tọ́ ni kí a fi òfin ṣe pàṣán fún ẹlẹ́sìn kan.

Nílé níbí, abala 38 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fún wa ní òmìnira ẹ̀sìn. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló ń bèèrè fún un.